Bí A Ṣe Ń Yan Èèkù Tuntun fún AR-15, àti Bí A Ṣe Ń Dè É Mọ́bọn

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè pààrọ̀ lára ìbọn AR-15, èèkù, ìyẹn ibi tí ọwọ́ fi ń di ìbọn mú lẹ́yìn tírígà, ló rọrùn jù láti yí padà, òun náà ló sì rọrùn jù láti ṣì rà. Ẹni tó fẹ́ rà á á rí i nínú àwòrán, á gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ń lò ó, á sanwó, á dè é. Kò ní pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ìka ò ní dé ibi tó yẹ lórí tírígà, tàbí tí séfítì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn, tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ á wá le gbagidi. Á tún lọ ra òmíràn. Àwọ̀ àti orúkọ ló fi yan ti àkọ́kọ́, òun náà ló tún máa fi yan ìkejì.

Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Bí ìka ṣe dé tírígà sí ni ẹ óò kọ́kọ́ wò. Bí èèkù ṣe fì sẹ́yìn sí ló tẹ̀ lé e. Ìgbà tí méjèèjì bá ti bá ọwọ́ yín mu tán lẹ tó lè máa ronú nípa rọ́bà, àwọ̀ àti ibi tí wọ́n ń kó bátìrì sí.

Òfin, kẹ́ ẹ tó náwó

Amẹ́ríkà ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Òfin ìpínlẹ̀ ò rí bákan náà níbẹ̀. Ní California, New York, New Jersey, Connecticut àti Illinois, èèkù tó yọ sísàlẹ̀ wà lára ohun tó lè sọ ìbọn yìí di èyí tí wọ́n fòfin dè. Ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ tí ẹni tó ń tajà wà. Bó bá rú yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò wà níbẹ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó fi físà onígbà díẹ̀ wọ̀lú ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card kò sí lábẹ́ ìdènà yẹn. Ní Britain, láti ọdún 1988 ni wọ́n ti fòfin de irú ìbọn yìí, àyàfi èyí tó ń lo ọta .22 kékeré, tí èèyàn sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó ní in. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Kì í ṣe ìbọn tí aráàlú lè ní. Ẹ má dì í mẹ́rù wálé.

Ohun tẹ́ ẹ nílò

- Skúrù èèkù: eyín rẹ̀ jẹ́ 1/4-28 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1/4, eyín 28 ló sì wà nínú íńṣì kan), gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íńṣì 1. Ọ̀pọ̀ èèkù máa ń bá tirẹ̀ wá nínú páálí.
- Wáṣà eléyín kan tó máa ń di skúrù mú.
- Allen key 3/16 íńṣì, ọlọ́rùn gígùn. Bí skúrù yín bá jẹ́ olójú tẹ́ẹ́rẹ́, sukurudíráfà pẹlẹbẹ gígùn tó kún ojú rẹ̀ dáadáa.
- Sípíríǹgì séfítì kan àti pínnì rẹ̀ tuntun, kó wà nílẹ̀. Owó wọn ò tó nǹkan, iṣẹ́ sì lè dúró nítorí wọn.
- Rúlà tó ní mìlímítà, àti fóònù tó lè wọn dígírì.
- Tọ́ọ̀ṣì, tówẹ̀lì nípọn, teepu tí kì í bó ọ̀dà, àwo fífẹ̀ tẹ́ ẹ máa kó nǹkan kéékèèké sí.
- Ọ́ìlì ìbọn díẹ̀.

1. Ẹ tú ọta kúrò nínú ìbọn

Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ kọ́kọ́ yọ màgasín, ìyẹn àpótí ọta. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fa ọwọ́ ìfàsẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò tí ọta ń dúró sí, kẹ́ ẹ sì fi ìka tọ́ ọ wò. Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n á kọ́kọ́ fa ọwọ́ ìfàsẹ́yìn, ọta kan á jáde, wọ́n á rò pé ó ti tán, nígbà tí màgasín ṣì wà nínú rẹ̀ tó sì ti ti òmíràn wọlé. Màgasín ni àkọ́kọ́ nígbà gbogbo.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ihò ṣófo lójú, ó ṣófo lọ́wọ́, kò sì sí màgasín nídìí rẹ̀.

2. Ẹ wọn bí ìka yín ṣe dé tírígà sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ti ìbọn náà kò yàtọ̀. Bí ọwọ́ ò bá mú èèkù bó ṣe yẹ, kò sí ohun tí awò olówó iyebíye lè bá yín tún ṣe.

Ìbọn ti ṣófo, èèkù àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé ìdí ìbọn sí èjìká bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ti ọwọ́ sókè lára èèkù títí àlàfo àárín àtàńpàkò àti ìfábẹ̀lá á fi há mọ́ òkè ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. Ẹ na ìfábẹ̀lá gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Ẹ wá ká a wá sórí tírígà láì yí àtẹ́lẹwọ́ padà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Kí onífọ́tò má ṣe dúró síwájú ẹnu ìbọn o, ì báà ṣófo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo fọ́tò náà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni ẹ máa rí.

Bó bá jẹ́ pé ibi rírọ̀ àárín orí ìka, kó tó dé oríkèé àkọ́kọ́, ló wà lórí tírígà, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì wà láàárín ìyókù ìka àti ara ìbọn, ó dáa. Kí èèkù tuntun nípọn tó ti àtijọ́ lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló kàn án, ọwọ́ yín kúrú fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yí ọwọ́ wá síwájú kí ìka lè dé. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìbọn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti fà á, tí ọta ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á sì máa kó jọ sápá òsì ojú àmì. Èèkù tó tín-ín-rín lẹ́yìn, tí kò ní ìrù tó gùn bo orí ọwọ́, lẹ ń wá.

Bó bá jẹ́ oríkèé ìka ló wà lórí tírígà, tàbí ìka ti kọjá rẹ̀, ọwọ́ yín gùn. Ìka á máa fa ìbọn sápá ọ̀hún, á sì máa fara ha irin. Èèkù tó nípọn lẹ́yìn ló máa ti ọwọ́ yín sẹ́yìn bó ṣe yẹ.

Ní báyìí, ẹ fi rúlà wọn èèkù tó wà lára ìbọn, láti òkè ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àlàfo ọwọ́ yín há sí, dé ojú tírígà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí lẹ máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mìlímítà 3 tàbí 4 dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú, àmọ́ òun ló ń pín ibi rírọ̀ orí ìka níyà kúrò lára oríkèé.

Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́, èèkù Magpul MIAD ni mo máa ní kó kọ́kọ́ lò, torí pé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ láì ra èèkù mìíràn. Lẹ́yìn tó bá ti mọ bí ọwọ́ òun ṣe rí, ó lè wá ra èyí tó dúró sójú kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn, ẹ fìka lé tírígà, ẹ la ojú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ìka bá ń bọ́ síbì kan náà, ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ jóòótọ́. Bó bá ń yí, ẹ tún un wọ̀n.

3. Ẹ yan bó ṣe máa fì sẹ́yìn sí

Èèkù A2, tó ti wà lára ìbọn M16A2 àwọn ológun Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1980, fì sẹ́yìn dáadáa. Ó bá ìdí ìbọn gígùn mu, nígbà tí ọwọ́ jìnnà sí èjìká. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń lo ìdí ìbọn tó ń sún wọlé sún jáde, wọ́n sì máa ń sún un wọlé. Bí ọwọ́ bá ti sún mọ́ àyà tó báyẹn, èèkù tó fì sẹ́yìn jù á ká ọrùn ọwọ́ sísàlẹ̀. Irora tó ń bẹ̀rẹ̀ lápá àtàńpàkò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ yín wà sí èjìká lẹ máa fi ṣèdájọ́. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ra, ẹ mú èyí tó dúró ṣánṣán díẹ̀ sí i, bíi Magpul K2 tàbí BCM Gunfighter. Bó bá jìnnà, èyí tó fì bíi ti A2 tàbí Magpul MOE ò burú. Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ yìnbọn lọ sọ́nà jíjìn sábà máa ń fẹ́ èyí tó dúró ṣánṣán pẹ̀lú, kí ìka lè fa tírígà tààrà sẹ́yìn.

Bí ẹ kò bá mọ iye dígírì tí tiyín jẹ́, ẹ gbé ìbọn lé orí tábìlì kó dúró tẹ́jú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fóònù ti iwájú èèkù, kẹ́ ẹ ka ohun tó bá kọ. Ẹ ṣe bákan náà fún ti ọ̀rẹ́ yín tó bá wọ̀ yín lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló wúlò. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sí páálí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é gbára lé, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wọ̀n ọ́n láti ibì kan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ìbọn sí èjìká pẹ̀lú ìdí rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ máa ń fi sí. Kí ọrùn ọwọ́ àti apá ṣe gbọọrọ bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Bí ọrùn ọwọ́ bá ká, èèkù yẹn kì í ṣe tiyín.

4. Àwọn ohun yòókù, kíákíá

Àlàfo ẹ̀yìn tírígà: lára A2, àlàfo kan wà láàárín èèkù àti irin tó yí tírígà ká. Ìka àárín máa ń há síbẹ̀, ó sì máa ń lé ròrò. Ọ̀pọ̀ èèkù òde òní ló ti dí i. Ẹ rí i pé ti yín dí i.

Gígùn: kí ọmọńdinrín náà rí ibi tẹ̀ sí. Bó bá rọ̀ dànù nísàlẹ̀, èèkù ti kúrú.

Ibi ìka: A2 ní kókó kan níwájú, àwọn kan nínú èèkù Hogue ní kòtò fún ìka kọ̀ọ̀kan. Bí kòtò bá bá ìka yín mu, ó dùn ún mú. Bí kò bá mu, ojoojúmọ́ lá máa fìyà jẹ yín, kò sì sí àtúnṣe.

Ara rẹ̀: ike líle máa ń pẹ́, kò sì ní wàhálà. Rọ́bà kì í yọ̀ nínú òógùn, àmọ́ oògùn ẹ̀fọn tó ní DEET àti àwọn omi ìfọbọn kan lè bà á jẹ́, kó máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣe págunpàgun dáa fún ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́. Lọ́wọ́ lásán, ó lè bó awọ.

Ohun méjì tí wọn kì í rántí títí wọ́n á fi dé ilé: bí ara ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ látinú odidi irin, apá ibi tí èèkù ń wọ̀ lè nípọn ju ti gbogboògbò lọ, èèkù oníìrù gígùn ò sì ní jókòó. Bí séfítì yín bá sì ní ọwọ́ lápá méjèèjì, ẹ wò ó bóyá èèkù tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa dí i lọ́wọ́.

Fún ẹni tó ní AK: kò bá ohun tí mò ń sọ yìí mu. Skúrù gígùn ló di ti AK mú, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà nínú ara ìbọn, nítorí náà èèkù AR kì í wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ìbọn tí wọ́n kó wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní 922(r) ka èèkù mọ́ àwọn apá tí wọ́n ń kà. Apá òkè òkun tó wà lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Bí ẹ bá yọ èèkù Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fi ti òkè òkun rọ́pò rẹ̀, iye yẹn lè kọjá.

5. Ẹ yọ ti àtijọ́

Ẹ ti pínnì méjèèjì tó so apá òkè ìbọn mọ́ apá ìsàlẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ yọ apá òkè ìbọn kúrò. Láti ìsinsìnyí títí tẹ́ ẹ máa fi dá a padà, ẹ má fa tírígà rárá: bí òòlù inú rẹ̀ bá já lu irin nígbà tí apá òkè ò sí níbẹ̀, ó lè ba ara ìbọn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí òòlù náà wà ní kíká sẹ́yìn, kí séfítì sì wà níbi tó ti dènà.

Ẹ fi teepu di séfítì mú lápá méjèèjì, torí bí èèkù bá ti kúrò, kò sóhun tó tún dì í mú mọ́. Ẹ dorí ìbọn kodò sórí tówẹ̀lì. Èyí ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìpele yìí. Pínnì kékeré kan àti sípíríǹgì kan, ti séfítì, wà lápá ọ̀tún ìbọn, èèkù nìkan ló sì ń dì wọ́n mú. Ẹni tó bá tú u láì dorí rẹ̀ kodò á fi ìrọ̀lẹ́ wá pínnì lábẹ́ àga.

Ẹ ki Allen key gba inú ihò èèkù, ẹ tú skúrù, ẹ fa èèkù sókè díẹ̀díẹ̀. Sípíríǹgì sábà máa ń bá a jáde. Pínnì á dúró nínú ihò rẹ̀. Bí ìbọn bá ti dorí kodò tí ẹnu rẹ̀ sì kọ ibòmíràn, ìhà òsì yín ni ẹ máa ti rí ihò náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* skúrù, wáṣà, sípíríǹgì àti pínnì, mẹ́rin péré. Kí gbogbo wọn wà nínú àwo tàbí níbi tójú yín ti rí wọn.

6. Ẹ de tuntun

Ẹ nu ihò pínnì, ẹ fi ẹ̀kán ọ́ìlì kan sí pínnì. Ṣóńṣó rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó kọjú sí séfítì. Kí ìdí rẹ̀ tó tẹ́jú kọjú sí yín. Bó bá yí, séfítì ò ní dúró lójú kan.

Ẹ wo sípíríǹgì lójú dáadáa. Bó bá ti tẹ̀ níbì kankan, kódà díẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ lo tuntun. Ẹ má ṣe gbé e lé orí pínnì. Inú ihò kékeré tó wà lókè èèkù tuntun ni kẹ́ ẹ kì í sí. Apá kan rẹ̀ á yọ síta.

Ẹ mú èèkù sọ̀ kalẹ̀ sára ìbọn díẹ̀díẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo orí sípíríǹgì bó ṣe ń wọ ihò pínnì. Níbí ni gbogbo aburú ti ń ṣẹlẹ̀. Bí èèkù bá le láti wọlé, ọwọ́ á fẹ́ gbá a. Ẹ má gbá a. Sípíríǹgì á ti há sáàárín irin àti èèkù, á tẹ̀, séfítì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í le tàbí kó máa rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ fà á jáde, ẹ tọ́ ọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èèkù kan máa ń há nítorí pé ike rẹ̀ nípọn díẹ̀ nínú. Kẹ́ ẹ mì í síwájú sẹ́yìn rọra, ó máa wọlé.

Tí èèkù bá ti jókòó, ẹ fi ìka yí skúrù àti wáṣà wọlé. Ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán láì lágbára kẹ́ ẹ tó fi irinṣẹ́ kàn án. Aluminiọ́mù ni ihò yẹn, skúrù sì jẹ́ irin. Bí skúrù bá wọlé wíwọ́, eyín ihò ló máa bàjẹ́, ìyẹn sì ń náni lówó ju èèkù lọ. Ẹ fún un títí á fi dúró, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún un, ó tó. Bí ìwé inú páálí bá kọ iye agbára tó yẹ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wo inú ibi tí tírígà wà. Ṣóńṣó skúrù kò gbọ́dọ̀ yọ síbẹ̀ débi tó fi máa kan tírígà. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi skúrù tó gùn rọ́pò ti inú páálí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kò sí àlàfo láàárín èèkù àti irin. Bẹ́ ẹ bá gbá a mú tẹ́ ẹ mì í, kò gbọ́dọ̀ pariwo kékeré kan.

7. Ẹ yẹ iṣẹ́ ìbọn wò

Ẹ yọ teepu. Ẹ dá apá òkè padà, ẹ tún wò ó pé ìbọn ṣófo. Ẹ wá tẹ̀ lé èyí bó ṣe wà:

- Ẹ fa ọwọ́ ìfàsẹ́yìn kí òòlù lè ká. Ẹ yí séfítì sí ibi ìdènà, ẹ fa tírígà. Òòlù kò gbọ́dọ̀ já.
- Ẹ jọ̀wọ́ tírígà, ẹ yí séfítì sí ibi ìyìnbọn. Òòlù kò gbọ́dọ̀ já títí ẹ ó fi fa tírígà.
- Ẹ fa tírígà. Òòlù já. Ẹ má ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fa ọwọ́ ìfàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá jọ̀wọ́ tírígà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ó dún "kọ́".
- Ẹ tún fa á. Òòlù gbọ́dọ̀ já.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ẹ má gbé ọta sítòsí ìbọn náà. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe.

Séfítì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún kedere bó bá ti dé ipò kọ̀ọ̀kan. Bó bá le jù, sípíríǹgì ti tẹ̀. Bó bá ń yọ̀ láì dún, sípíríǹgì ti kúrú tàbí pínnì yí dànù. Ẹ padà sí ìpele 5, kẹ́ ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ.

8. Lójú pápá

Ẹ fi ìbọn tó ṣófo fa tírígà sí ojú àmì kẹ́ ẹ tó yìn ín. Bí àmì orí ìbọn bá ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí òòlù bá já, ẹ padà sí ohun tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìpele 2. Èèkù ṣì nípọn jù tàbí tín-ín-rín jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yin màgasín kan tàbí méjì, ẹ tún gbá èèkù mú, ẹ mì í. Ike tuntun máa ń jókòó sí i, skúrù á sì dẹ̀ díẹ̀. Ẹ fún un padà. Bó bá tún dẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tún jáde, ẹ nu ọ́ìlì kúrò lára skúrù, ẹ fi ẹ̀kán gúlúù skúrù aláwọ̀ búlúù kan sí eyín rẹ̀. Pupa kọ́ o, torí pupa kì í fẹ́ jẹ́ kó tú mọ́. Ẹ rí i pé kò kan ike náà. Ẹ pa páálí àti rìsíìtì mọ́ títí ẹ ó fi jáde bíi ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá ẹ ṣì máa dá a padà.